Ìdajì Orin Bàbá Mi

Ọ́fíìsì ìjọba kan ní Àkúrẹ́ pín àwo orin bàbá mi sí méjì bí ẹni pín ẹran iléyá, wọ́n kó ìdajì rẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, bàbá mi sì kú láìtún gbọ́ ìdajì náà. Mo sọ ọ́ ní ṣókí báyìí nítorí pé gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mẹ́nu bà á. N kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n jókòó, kí n tò ó fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o wá fi ibi tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀ hàn mí.

Òórùn méjì ló máa ń pàdé nínú pálọ̀ wa ní Oǹdó lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀kan ni òórùn kíkan ti kòkó tí ìyá oníkòkó, aládùúgbò wa, máa ń sá sórí símẹ́ńtì iwájú ilé rẹ̀. Èkejì ni òórùn páálí àwo orin tó ti pẹ́, ó jọ òórùn ìwé hímù àtijọ́ tí wọ́n fi pamọ́ sínú àpótí bàtà. Bí òórùn kejì yìí bá ti ta sí mi nímú, mo ti mọ̀ pé bàbá mi ti fọ ọwọ́, ó ti nu ún gbẹ, ó ti mú ògbólógbòó ìborùn ìyá mi tó fi ń nu àwo, ó sì fẹ́ gbé abẹ́rẹ́ lé e. Tíṣà jọ́gíráfì ni. Bó ṣe ń di máàpù mú náà ló ṣe ń di àwo mú, etí rẹ̀ nìkan ló ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá mú. Bí èmi tàbí àbúrò mi bá fẹ́ bá a gbé e, á ké mọ́ wa pé, “Àwo kì í ṣe ewé ẹ̀kọ! Ẹ má fi ìka kàn án lójú!”

Orin rọ́ọ̀kì ni o, kì í ṣe jùjú, kì í ṣe hàílàìfù. Orin àwọn òyìnbó onírun gígùn tí wọ́n ń fi gìtá iná mànàmáná sunkún. Yunifásítì ló ti kó o, láyé ìgbà tí irun orí tiwọn náà ga bí ìtẹ́ ẹyẹ, tí ẹnu ṣòkòtò wọn fẹ̀ tó fi ń gbálẹ̀. Ìyá oníkòkó kò lè gbà á. Á dúró sí àárín kòkó rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, á ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ta ni wọ́n ń pa nínú ilé yín?” Bàbá mi á yọ orí lójú fèrèsé: “Ìyá, ìfẹ́ ló ń pa á.” “Ìfẹ́ wo ló ń ké báyìí? Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù!” Àwa ọmọ á rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn wá.

Àwo kan wà tó ju gbogbo wọn lọ. Àwo méjì ló wà nínú páálí kan ṣoṣo, ojú mẹ́rin, ìtàn kan náà ni wọ́n sì kọ láti ojú kìn-ín-ní dé ojú kẹrin, ìtàn ọkùnrin kan tó fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀ lọ wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ojú kejì, ìyẹn òpin àwo kìn-ín-ní, ọkùnrin náà ti sọnù pátápátá, ilẹ̀ ti ṣú bá a lójú ọ̀nà. Ojú kẹrin ló tó délé. Nígbà tó bá délé yìí, wọn kì í kọrin mọ́, gìtá nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀, á gùn, á ròkè, á sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni ń gun òkè Ìdànrè tó sì ń bọ̀. Igi tí bàbá mi fi ń na àwọn ọmọ ilé ìwé ló fi ń ta gìtá tiẹ̀, ojú rẹ̀ á wà ní dídì. Ìyá mi, tí kì í dá sí orin náà láti òwúrọ̀, á jáde láti ilé ìdáná, á nu ọwọ́ sára ìró, wọ́n á sì jó. Ibi gìtá yẹn nìkan ni o. Bó bá ti parí, á padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀. N kò rí kí wọ́n di ara wọn mú lójú wa nígbà mìíràn.

Ọjọ́ Ìsinmi ní tirẹ̀ jẹ́ ti sinimá àtijọ́. Lẹ́yìn ìsìn, bàbá mi á ti kásẹ́ẹ̀tì bọ inú fídíò, ìyá oníkòkó tó kórìíra orin wa yóò sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa gba àga. Fíìmù tó fẹ́ràn jù, kásẹ́ẹ̀tì méjì ló gbà. Ọkùnrin atukọ̀ kan ṣèlérí fún ìyàwó rẹ̀ pé òun máa padà kí òjò tó dé. Kásẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní parí síbi tí obìnrin náà dúró létí òkun tí ọkọ̀ ń lọ. A ti wò ó tó ogún ìgbà, síbẹ̀ ìyá oníkòkó ò ní yé kígbe mọ́ tẹlifíṣọ̀n: “Má lọ! Arákùnrin yìí, wò ó, má bá wọn lọ!” Bàbá mi á ní, “Ìyá, kò gbọ́ Yorùbá.” “Kó lọ kọ́ ọ!”

Báwo ni nǹkan wọ̀nyí ṣe kúrò nílé wa? Ọwọ́ bàbá mi ló ti bẹ̀rẹ̀, mo gbà, n kò ní purọ́ nítorí pé inú ń bí mi. Ọ̀gá ọ́fíìsì tí mo ń wí yìí, ẹni tí òun àti bàbá mi jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nílé ìwé, wá kí i lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Tíṣà, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tó wá láti Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́, Òkìtìpupa, bí iṣẹ́ bá ti tán lọ́jọ́ Ẹtì, wọn ò níbi tí wọ́n ń lọ ní Àkúrẹ́. Yá wa ní nǹkan wọ̀nyí, kí wọ́n jẹ̀gbádùn díẹ̀.” Bàbá mi kó gbogbo àwo àti fíìmù rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò. Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, á wa mọ́tò láti Oǹdó dé gbọ̀ngàn kékeré kan lẹ́yìn Arákálẹ̀, á ṣàlàyé orin fún wọn bíi pé jọ́gíráfì ló ń kọ́ wọn. Mo tẹ̀lé e lọ nígbà ìsinmi. Mo rí ọkùnrin ará Ìkàrẹ́ kan tó tú táì ọrùn rẹ̀, tó ń fi bírò lu fáìlì bí ìlù. Inú bàbá mi dùn ju ti ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè lọ.

Olè nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ̀ wọ́n: “Ẹ lù ú ní òǹtẹ̀. Ohun tí òǹtẹ̀ ìjọba bá ti wà lára rẹ̀, ta ló jẹ́ fọwọ́ kàn án?” Ọmọ Oǹdó tó gbọ́n, tó kàwé, tó ń kọ́ ọmọlọ́mọ, ìgbàgbọ́ tó ní nínú òǹtẹ̀ nìyẹn. Àwa tí òbí wa ti jẹ oúnjẹ ìjọba mọ irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n lù ú lóòótọ́, yíǹkì aláwọ̀ àlùkò, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ìwé ńlá wọn kò mọ̀ pé àwo méjì lè jẹ́ ọmọ ìyá nínú páálí kan. Ohun kan, nọ́ńbà kan ni. Bàbá mi ní tirẹ̀ kọ gbogbo ohun tó yá wọn sórí bébà méjì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fọwọ́ sí méjèèjì, bàbá mi sì fi tirẹ̀ sínú ìwé máàpù.

Nígbà náà ni wọ́n gé Èkìtì kúrò lára wa, ó di ìpínlẹ̀ tirẹ̀. O rántí bó ṣe rí. Àwọn tí wọ́n ti jọ ń jẹun ọ̀sán fún ọdún mẹ́wàá di àlejò ara wọn lọ́jọ́ kan. Wọ́n pín mọ́tò, wọ́n pín àga, wọ́n pín fáìlì. Ará Èkìtì tó jókòó lórí àga lọ, àga náà tẹ̀ lé e. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ti fẹ̀yìntì, kò sì pẹ́ tó fi kú. Nínú ọ́fíìsì yẹn, ìgbìmọ̀ apínẹrù ṣí ìwé ńlá, wọ́n sì ń ka nọ́ńbà: kìn-ín-ní dúró, èkejì lọ, ẹ̀kẹta dúró, ẹ̀kẹrin lọ. Kò sẹ́ni tó gbé ojú sókè kúrò nínú ìwé láti wo ohun tó ń pín. Ohun tí wọ́n sọ fún bàbá mi ni pé wọ́n ti ti gbọ̀ngàn náà pa títí ìpín á fi parí, kó fọkàn balẹ̀. Ó fọkàn balẹ̀. Ó ní, “Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀.”

Òjò ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Apá ọ̀tún lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ, ahọ́n náà lọ. Tíṣà tó ti fi ohùn jẹun fún ọgbọ̀n ọdún wá di ẹni tó ń wò wá bí ọmọ ọwọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wá na apá rẹ̀ nílé ló bi wá pé, “Orin wo ni bàbá fẹ́ràn? Mo ti rí ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ àmọ́ tó lè kọrin. Láti inú orin, ọ̀rọ̀ á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀.” A kọ hímù, ó kọjú sí ògiri. A kọ jùjú, ó di ojú. Mo wo ìyá mi, ìyá mi wò mí. Èmi àti òun la mọ ohun tó yẹ ká gbé wá, a sì mọ ibi tó wà.

Ìgbà mẹ́fà ni mo wọkọ̀ láti Oǹdó lọ sí Àkúrẹ́. Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀gá ti jáde. Nígbà kejì, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Nígbà kẹta, wọn ò rí lẹ́tà. Nígbà kẹrin wọ́n rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i ti lọ síbi ìsìnkú ní Ọ̀dà. Ìgbà karùn-ún ni mo tó dé iwájú alákòóso tuntun, ọkùnrin rọ̀gbọ̀dọ̀ kan tó ń jẹ ẹ̀pà. Mo ṣàlàyé. Mo tẹ́ bébà bàbá mi síwájú rẹ̀. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

“Madam, ìwé yìí ò ní òǹtẹ̀.”

“Ọ̀gá yín àná ló fọwọ́ sí i, sà. Orúkọ bàbá mi sì wà lára gbogbo páálí.”

“Mo rí orúkọ. Kí tún lẹ rí lára àwo gan-an?”

“Òǹtẹ̀ yín.”

“Ẹ̀hẹ́n! Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù.”

Mo ní, “Bàbá mi kì í ṣe ẹrú yín, sà.”

Ó ju ẹ̀pà sẹ́nu. Mo ní ó dáa, kí wọ́n kúkú jẹ́ kí n yá a. Ìgbà yẹn ló tó sọ fún mi, láìwo ojú mi, pé àwo kìn-ín-ní nìkan ló wà níbẹ̀, pé èkejì ti lọ sí Adó ní Èkìtì. Mo rò pé n kò gbọ́ dáadáa. Ó wá fi ohùn sùúrù ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé: “Ọgbọọgba la pín in. A ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.”

Nígbà kẹfà, wọ́n yá mi ní àwo kìn-ín-ní. Mo fọwọ́ sí ìwé pé èmi, ọmọ oní-nǹkan, yá ohun ìní ìjọba fún ọ̀sẹ̀ méjì, mi ò sì ní bà á jẹ́. Akọ̀wé obìnrin kan, ọmọ Àkúrẹ́ tó fi okùn so awò mọ́rùn, ló ń wé e fún mi. Ó ń bẹ̀ mí, “Àǹtí, ẹ má bínú sí wa, uṣẹ́ là ń ṣe.” Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ló sáré tẹ̀ lé mi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin inú ọkọ̀ ojú omi yẹn, ṣé ó padà wá bá ìyàwó rẹ̀? Kásẹ́ẹ̀tì kìn-ín-ní nìkan ló wà lọ́dọ̀ wa. Ọdún kẹta rèé tí a ti ń bá ara wa jiyàn lé e lórí.”

Wọ́n ṣì ń wò ó. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, wọ́n ń fi ìdajì fíìmù bàbá mi ṣe fàájì.

Mo ní, “Ẹ lọ bi àwọn ará Adó.”

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn wò láti ìgbà náà. Obìnrin yẹn kọ́ ló pín nǹkan kan. Òun nìkan ló tilẹ̀ fojú àánú wò mí nínú ọ́fíìsì yẹn. Síbẹ̀, bí ó bá tún bi mí lónìí, n kò mọ̀ bóyá màá dá a lóhùn.

Èmi fúnra mi lọ sí Adó lọ́jọ́ kejì. Wọ́n fi páálí ńlá kan hàn mí ní kọ̀rọ̀ yàrá, okùn ṣì wà lórí rẹ̀. Ìgbìmọ̀ tó máa tú u kò tíì jókòó láti ọjọ́ tó ti dé. Ọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò fojú àròpin wò mí rárá, ó kàn ní, “Arábìnrin, bí mo bá tú u láìsí wọn, wọ́n á ní mo jí nǹkan.” Mo na ọwọ́, ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan okùn náà. Mo wá fà á padà. Ọmọ bàbá mi ni mí; èmi náà bẹ̀rù òǹtẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó ń bí mi nínú, ìyẹn ló jinlẹ̀ jù.

A gbé abẹ́rẹ́ lé àwo kìn-ín-ní. O mọ ariwo tó ń ṣáájú orin, bí òjò wẹ́wẹ́ lórí páànù. Ojú bàbá mi là. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ètè rẹ̀ kàn ń gbọ̀n ni. Lọ́jọ́ kẹta, ohùn ń jáde, kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Lọ́jọ́ karùn-ún, ní ọ̀sán gangan, tí òórùn kòkó wọlé láti ìta, bàbá mi kọ ìlà kan gbáko nínú orin náà, Gẹ̀ẹ́sì geere, pẹ̀lú ìfà gígùn tí olórin máa ń fà á. Ìyá mi kúnlẹ̀ síbi tó wà. Ìyá oníkòkó gbọ́ ọ níta, ó sọ ìgbálẹ̀ nù, ó ń sáré bọ̀: “Tíṣà! Tíṣà ń kọ orin wèrè rẹ̀! Ẹ jẹ́ kó máa kọ ọ́ o, Olúwa, mo fara mọ́ ọn!”

Ojú kejì parí, níbi tí ọkùnrin yẹn ti sọnù sójú ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ wọ àárín àwo, ó ń ṣe gbú, gbú, gbú. Bàbá mi gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ sókè, ó na án síta, ó sì sọ ọ̀rọ̀ Yorùbá àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ láti oṣù márùn-ún. Ó ní, “Èkejì.”

Àwa ń yọ̀. Èmi òmùgọ̀ yí àwo náà padà sí ojú kìn-ín-ní. Ó mi orí. Ó fi ọwọ́ lu bẹ́ẹ̀dì. “Èkejì.” Ìgbà náà ló yé mi pé àwo kejì ló ń béèrè. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé wọ́n ti pín in. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, á tẹ̀ lé orin náà dé ibi tó ti já, á na ọwọ́, á dúró. Ìyá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì orin yẹn rí, ṣùgbọ́n ó rántí ibi tí wọ́n máa ń jó sí. Ó jókòó tì í, ó fi ẹnu ta gìtá fún un, gbogbo rẹ̀, bó ṣe ròkè, bó ṣe sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi tẹ́tí, ó rọra fọwọ́ pa á lọ́wọ́ bí ẹni dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó gbìyànjú. Ó wá tún na ọwọ́ òsì sí mi. “Èkejì.”

Àrùn náà tún padà kọlù ú, kò sì dìde mọ́. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tó wọ ilé wa lẹ́yìn ìsìnkú kì í ṣe ti ìbánikẹ́dùn. Láti ọ́fíìsì yẹn ló ti wá: ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá, kí n dá ohun ìní ìjọba padà. Òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé orin àtijọ́ ń mú àwọn rántí ayé rere, pé fíìmù ìgbà èwe ń mú ara àwọn yá gágá. Mo gbọ́. Ní tèmi, bí gìtá bá ti ń dún nínú mọ́tò ẹnì kan, mo máa ń ní kí wọ́n pa á kó tó parí, torí mo mọ bí orin tó bá já ṣe ń dunni lára bí egbò. Ohun tí mo sì wá mọ̀ ni pé ó sàn kí olè kó ẹrù ẹni. Olè ì bá kó méjèèjì pọ̀, ẹni tó bá rà á lọ́wọ́ rẹ̀ á gbọ́ ọ tán. Àwọn tí kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ ló pa wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn, tí ẹ̀ ń ka nọ́ńbà láìgbójú sókè, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì báyìí ní Àkúrẹ́ àti ní Adó: àwo kìn-ín-ní wà lọ́wọ́ mi ní Oǹdó. N kò dá a padà, n kò sì ní dá a padà. Ẹ wá mú mi. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dé, ẹ mú èsì dání. Ta ló gbé ọmọ ìyá méjì jáde nínú páálí kan láìbéèrè? Ta ló rí orúkọ bàbá mi tó kọjá lórí rẹ̀? Ṣé ẹ ti tú páálí yẹn, àbí okùn ṣì wà lórí rẹ̀? Bí ẹ kò bá lè dáhùn gbogbo rẹ̀, ẹ dáhùn ẹyọ kan tí bàbá mi fi ọwọ́ òsì béèrè títí ó fi kú.

Èkejì dà?